Aṣọ Fọ́tò Àbẹ̀kẹ́

Houston, Texas,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Oòrùn ibí ló fẹ́ yan èèyàn bí àgbàdo.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba ẹnu wa kan nílé báyìí. Àbẹ̀kẹ́ ń wọ kíláàsì kejìlá, tí í ṣe àṣekágbá ilé ìwé girama, àwọn ará ibí kì í sì í fi fọ́tò ọdún yẹn ṣeré. Ilé ìwé máa ń kó o sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ á sì tún máa fún ara wọn ní kékeré rẹ̀, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sẹ́yìn.

Èyí tó ń wọ inú ìwé yẹn kò la ariwo lọ, torí ayàwòrán ló ń pèsè aṣọ rẹ̀. Aṣọ dúdú tó ṣí èjìká sílẹ̀ ni tàwọn obìnrin. Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bóò-táì ni tàwọn ọkùnrin. Bí ọ̀kan bá ti bọ́ ọ, èkejì á gbà á wọ̀. Láti àyà sókè ni wọ́n ń yà, nítorí náà wọ́n lè wọ jíǹsì tó ti gbó sísàlẹ̀. Ọmọ olówó, ọmọ tálákà, bákan náà ni wọ́n á rí. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Inú èyí tí ọmọ ń fúnra rẹ̀ yan aṣọ fún ni wàhálà wà. Ẹni tó bá yege nínú eré ìdárayá tàbí orin á wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ilé ìwé mọ́ láyà. Ayàwòrán sì ní òfin tirẹ̀: kí aṣọ má ní àkọlé tàbí àmì ilé iṣẹ́ lára, kí a lọ̀ ọ́, kí a gbé e kọ́ sínú mọ́tò, kí ọmọ má wọ̀ ọ́ jókòó láti ilé, kó bọ́ rọ́bà irun kúrò lọ́rùn ọwọ́. Ó ní ká sá fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra, torí nínú kámẹ́rà, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń mì.

Mo ti to gáùn kalẹ̀ lóríṣiríṣi. Àbẹ̀kẹ́ wò wọ́n, ó ní, “Mọ́mì, aṣọ òkè ni mo fẹ́.” Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi wọ̀! Aṣọ ẹtù Màámi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ìlà funfun ara rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Àlàárì la wá fẹnu kò sí. Pupa rẹ̀ á yọ dáadáa lára ọmọ dúdú yẹn.

Ìta la ó ti ya ti aṣọ òkè. Òdòdó búlúù kan wà tí Texas ti sọ di òdòdó ìpínlẹ̀ wọn láti 1901. Ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, á bo etí títì lọ salalu. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ dúró sí. Ẹ wo pupa láàárín búlúù!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá aláṣọ Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kó lè dé kí oṣù Kejì tó parí. Ìró, bùbá, ìpèlé àti gèlè ni. Àyà Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ínǹṣì 34, ìdí 38. Kí wọ́n má fi òwú dídán sí i o. Gèlè náà kò gbọdọ̀ le jù, torí ó ní bí Màámi ṣe máa ń wé tiwọn lòun fẹ́ wé e, òun kò fẹ́ ti òde àríyá tó dà bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ iye tó bá jẹ́, kí n fi owó ránṣẹ́.



Èmi ni àbúrò yín,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́