Omi Àlùwàlá àti Omi Mímu

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi omi dá gbogbo ohun abẹ̀mí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí ó fi ìmọ́tótó ṣe ara ẹ̀sìn.

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òdodo ni, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá ẹni. Ọ̀rọ̀ omi tí a ń mu ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè wọn ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú máa ń bi wá: "Àáfà, bí omi yìí bá dára fún àlùwàlá, kí ló dé tí ẹ ní kí a má mu ún?" Ìbéèrè náà yẹ fún ìdáhùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń ro ohun kan náà nínú ọkàn wọn.

A ti kọ́ nínú ìmọ̀ fíkíhì pé nǹkan mẹ́ta ni a fi ń mọ omi tí ó mọ́: àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Bí ẹ̀gbin bá yí ọ̀kan padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi náà kò ṣeé ṣe àlùwàlá mọ́. Àánú ńlá ni òfin yìí, nítorí pé ojú, ahọ́n àti imú wà lára ọ̀mọ̀wé, ó wà lára púrúǹtù. Ṣùgbọ́n nítorí ìjọsìn ni a ṣe fi í lélẹ̀. Kò sọ pé omi tí ó bá yege níbẹ̀ kò lè pa ènìyàn. Kòkòrò àrùn onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù kò ní àwọ̀, wọn kò ní òórùn, ojú lásán kò sì lè rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 600. Dókítà John Snow ṣe ìwádìí, ó rí i pé ìdí kànga kan tí ó ní ẹ̀rọ ìfami ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pọnmi. Opó kan wà tí ó ti kó kúrò ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ràn adùn omi yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ní kí wọ́n máa bù ú wá fún òun lójoojúmọ́. Ó mu ún, ó sì kú. Adùn omi náà kò gbà á lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí wọ́n yẹ kànga náà wò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, kòtò ẹ̀gbin ilé kan tí ó wà nítòsí ni ó ń jò sínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù wa wo bí ṣáláńgá rẹ̀ ti súnmọ́ kànga rẹ̀ tó. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni: ní ọdún 1991, àrùn kan náà pa ju 7,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kànga nìyẹn, omi ẹ̀rọ ni tiwa." Ìsédò Èrò ní Ìkún-Èkìtì wà lára ibi tí omi ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ń wá. Ní ilé iṣẹ́ omi, álọ́ọ̀mù ni a fi ń mú kí ìdọ̀tí sọ̀ sílẹ̀, iyanrìn ni a fi ń sẹ́ ẹ, kòlóríìnì ni a sì fi ń pa kòkòrò. Kòlóríìnì yìí kò gbọdọ̀ tán lọ́nà. Ó yẹ kí ó ku mílígíráàmù 0.2, ó kéré tán, nínú lítà omi kan nígbà tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, òkè sì pọ̀. Nígbà tí wọn kò bá tú omi sílẹ̀, inú páìpù a ṣófo, ibi tí ó bá ti sán a sì máa fa omi gọ́tà wọlé. Nítorí náà, omi tí ó mọ́ níbi tí ó ti wá lè dọ̀tí kí ó tó dé ilé. Bí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn dànù díẹ̀ kí ẹ tó gbé garawa sí i.

Ọ̀rọ̀ ìwakùsà tún wà ní agbègbè Ìjerò. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, òjé tí ó tú jáde nínú iṣẹ́ ìwakùsà wúrà pa ju 400 ọmọdé lọ. Omi sísè kò lè mú òjé kúrò. Ó yẹ kí a máa bèèrè pé kí àwọn onímọ̀ yẹ omi tí ó wà nítòsí ibi ìwakùsà wò.

Ǹjẹ́ ẹ̀sìn wa ha dákẹ́ lórí èyí bí? Rárá o. Ànábì wa pàṣẹ pé kí a máa dé ohun èlò wa ní alẹ́, kí ẹni tí ó bá jí lójú oorun fọ ọwọ́ kí ó tó kì í bọ inú omi, kí a má mí sínú ife, kí a má tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ó kọ̀ fún wa láti yàgbẹ́ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọnmi. Omi tí ó mọ́ fún àlùwàlá náà ni ó ní kí a dé! Ìdáhùn wa fún àwọn ọmọ nìyẹn: òfin mímọ́ omi kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀ omi.

Ní ilé-kéwú wa, dúrọ́ọ̀mù àlùwàlá yàtọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi mímu sì yàtọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yàà, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ìkòkò tí a dé. Ife tí ó ní ọwọ́ gígùn ni kí ẹ fi máa bù ú, kí ọmọ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sọ pé ohun kékeré ni èyí. Nígbà tí ọdún 1990 ku fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó dára àti ìlanilọ́yẹ̀ láti ilé dé ilé ni wọ́n fi gbógun tì í. Ní ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sàyídínà Úsmánù ra kànga Rúmà ní Mẹ̀dínà, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí láti máa mu lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lágbára láti gbẹ́ kànga lè tún páìpù tí ó ń jò ṣe, tàbí kí ó ra ìdérí fún dúrọ́ọ̀mù mọ́sálásí. Sàdákà tí kì í tán ni.

Kí Ọlọ́hun tí ó mú omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ní Ìkògòsì fún wa ní omi tí kò ní pa ọmọ wa. Àmín.