Ẹ Má Ṣe Da Ìrépé Aṣọ Nù

Kí ni ẹ ń fi ìrépé aṣọ tí ó bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ télọ̀ ṣe? Bí ẹ bá ń dà wọ́n sí ààtàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo wà nínú oyún àkọ́bí mi ni ìyá mi jáde láyé. Nínú àpótí rẹ̀ ni mo ti bá àdìrẹ kan tí kò tíì kan omi rí, àti bùbá funfun kan tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Mo pinnu láti gé wọn wẹ́wẹ́, kí n sì rán wọn pọ̀ di aṣọ títẹ́ fún ọmọ mi, kí ó lè máa jókòó lórí aṣọ ìyá àgbà tí kò ní fojú rí. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ìkánjú wọ̀ ọ́. N kò fọ aṣọ, n kò sì wọ̀n ọ́n. Ojú lásán ni mo fi gé e. Igun kan kò bá èkejì mu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, aró àdìrẹ ṣàn sára bùbá funfun. Mo jókòó ti omi náà, mo sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni ìyá mi kú.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi wí. Ó ní, "Ìyàwó mi, àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Ṣé aṣọ náà kò kù mọ́ ni?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Ó dára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tún un bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀nà tí a gbà nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo aṣọ, kí ẹ fọ àdìrẹ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí wọ́n bá gbẹ, ẹ lọ̀ wọ́n. Ẹ gé páálí líle tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5, kí ẹ máa gbé e lé aṣọ láti gé ègé 36. Ankárá àti àdìrẹ dára. Ẹ má ṣe da aṣọ tí ń yọ̀ tàbí tí ń fà pọ̀ mọ́ wọn.

Kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́, ẹ to ègé mẹ́fà mẹ́fà sí ìlà mẹ́fà, títí àwọ̀ wọn yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ rán ègé ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rán ìlà mọ́ ìlà. Kí ojú rírán jìnnà sí etí aṣọ ní íǹṣì ¼ níbi gbogbo; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, igun kò ní pàdé. Ẹ lọ ojú rírán ìlà kan sí ọ̀tún, ti èkejì sí òsì, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn dáadáa. Ìbú rẹ̀ yóò lé díẹ̀ ní íǹṣì 27.

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn tí ó fi íǹṣì 1 tóbi jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ kúbùsù fẹ́lẹ́ tí ó ti gbó lé e, kí ẹ sì gbé aṣọ ìrépé náà lé orí rẹ̀. Ẹ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú ìlà gbogbo, kí ẹ ká etí aṣọ ẹ̀yìn wá síwájú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ rán an mọ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe fi bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bí ó bá ń sùn, kí ó má baà dí i nímú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un kí ó máa ṣeré lórí rẹ̀ bí ó bá jí, lójú yín.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òtòṣì ni. Ẹ wo ẹ̀kú eégún wa, bí a ti ń to ìrépé mọ́ ìrépé. Ní Gee's Bend ní Alabama, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fi àjákù aṣọ iṣẹ́ rán irú rẹ̀, títí a fi pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ilé ọnà ńlá kan ní Houston ní ọdún 2002.

Àkọ́bí mi rá lórí aṣọ kejì yìí. Ó ti di abiyamọ báyìí, ọmọ tirẹ̀ náà sì ti rá lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí àpótí yín wò. Ẹ̀bùn kan lè wà níbẹ̀ tí ó ń retí abẹ́rẹ́ yín.