Ọ̀PẸ́ TÓ FẸ́ FI INÁ SÍNÚ ỌPỌ́N AYÒ

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, tẹ́ ẹ kọjá Bẹẹrẹ, tẹ́ ẹ wá forí lé Oníyanrìn, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé àárín ìgboro Ìbàdàn lẹ wà. Ilé ń fẹ̀yìn ti ilé, ọ̀nà tóóró ń gba ojúde agboolé kọjá. Orúkọ àdúgbò yìí gan-an ló jẹ́ ká ronú kan ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní silicon, tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, inú iyanrìn ló wà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Tí ọ̀dọ́ Oníyanrìn kan bá lóun fẹ́ ṣe ọpọ́n ayò oníná, ṣé wọ́n á ní ó lọ jí nǹkan onínǹkan ni?

Gbogbo wa la mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ilé méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà ni ọ̀pẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ju ọmọ 24 lọ ti pa ẹnì kejì nìyẹn.

Nídìí iṣẹ́ iná, ọ̀pẹ́ ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Arduino ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn pátákó kékeré kan tí wọ́n ṣe nílùú Ivrea, ní Ítálì, lọ́dún 2005, fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Uno ní ẹnu 14 tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pẹ́ wa. Ó fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tiẹ̀, ó tún fẹ́ kí nọ́ńbà máa tàn níbẹ̀, méjì-méjì, torí ọmọ ayò lè pọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ nínú ilé kan. Bọ́tìnnì 12, nọ́ńbà 24! Ẹnu 14 dà níbẹ̀?

Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Tó bá to bọ́tìnnì náà ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, ẹnu méje péré ni wọ́n máa gbà. Ẹ̀yà kékeré kan tó ń jẹ́ MAX7219 lè darí nọ́ńbà mẹ́jọ. Tó bá so mẹ́ta pọ̀, nọ́ńbà 24 pé, ẹnu mẹ́ta ni gbogbo wọn sì máa gbà. Méje àti mẹ́ta, mẹ́wàá. Iṣẹ́ ti bọ́ sí i nìyẹn. Páwà-báǹkì fóònù lè gbé e, kò ní í máa wojú NEPA.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ló kù nínú ayò náà? Ojú ni ọ̀ta fi ń mọ iye ọmọ tó wà nínú ilé tó ti kún. Tí iná bá ti ń kọ ọ́ síta, ọ̀ta àti ọ̀pẹ́ ti di ẹgbẹ́ ara wọn.

Àwọn kan tiẹ̀ ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amsterdam, mú Awari, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ayò wa, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ìdúró ọmọ wò, ó lé ní bílíọ̀nù 889. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 fi wákàtí 51 ṣe é. Kí ni wọ́n rí? Tí ẹni méjèèjì ò bá ṣi í ta rárá, ọ̀mì ni! Arduino tí ọ̀pẹ́ wa rà kò lè gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 32 lẹ́tà lọ, kó má wulẹ̀ dára ẹ̀ láàmú.

Èyí tó dáa jù nìyí. Kó jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ ọpọ́n, kí ọmọ ayò gidi wà nínú ilé, kí ọwọ́ máa pín in. Ìjà tó máa ń wà nídìí ayò, ta ló pa ta, ẹ̀ẹ̀melòó, ìyẹn ni kí ẹ̀rọ bá wọn mú dání. Bọ́tìnnì méjì, iná méjì tó ń fi ẹni tó kàn hàn, nọ́ńbà mẹ́rin péré. MAX7219 kan ti tó. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó wáyà. Tí baba kan bá wá lóun ò gbà pé wọ́n pa òun lẹ́ẹ̀mẹfà, kí wọ́n ní kó wo iná. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà má dá sí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pẹ́ ṣe o. Iṣẹ́ èèyàn nìyẹn.