Táìsì Lórí Rọ́bà

Àríyànjiyàn tó wà nínú ẹbí wa láti oṣù Kẹjọ kì í ṣe lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ilẹ̀ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Ṣé kí á ká rọ́bà tó wà ní pálọ̀ màmá wa n'Íbàdàn kúrò kí á tó lẹ táìsì, àbí kí á kàn lẹ táìsì náà lé e lórí kí kálukú lọ sinmi?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló ń sanwó, àwọn náà ni wọ́n ní kí á lẹ̀ ẹ́ lé e lórí. Wọ́n ní nínú fúláàtì tàwọn, ọjọ́ kan péré ni òṣìṣẹ́ fi tẹ́ ilẹ̀ tuntun sórí ti àtijọ́, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Mo gbà. Àmọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn tẹ́ kì í ṣe táìsì. Pákó pẹlẹbẹ tí ìkan ń há sínú ìkejì ni, kò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ rárá, ó kàn sùn lé e ni. Táìsì tiwa, símẹ́ńtì ló ń gbé e dúró, símẹ́ńtì sì gbọ́dọ̀ ríbi dì mú. Ẹ da símẹ́ńtì sórí sílípáàsì yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá tẹ sílípáàsì náà kọ. Ẹ ó rí i bó ṣe máa ṣí kúrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣá ilẹ̀ tó bá ń dán kí wọ́n tó lẹ nǹkan sí i.

Rọ́bà tiwa tún wá jẹ́ oríṣi méjì. Tòkè ni olódòdó tí wọ́n ń wọ̀n ní yáàdì, tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú lójú tèmi, kíká ni. Ohun tó bá ń rì tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, táìsì ò lè bá a rì; símẹ́ńtì tó wà láàárín táìsì ló máa kọ́kọ́ sán, kó tó kan táìsì fúnra rẹ̀.

Tìsàlẹ̀ ló le. Rọ́bà onígun mẹ́rin ni, kéékèèké. Bàbá wa ló fi ọwọ́ ara wọn lẹ̀ ẹ́ ní 1983, wọn ò pe ẹnì kankan. Ó ṣì le gbagidi. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, kò dún bí ohun tó ṣófo nínú. Ní Amẹ́ríkà, asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ irú rọ́bà yìí, àti nínú gọ́ọ̀mù rẹ̀ náà, títí wọ àwọn ọdún 1980. Asbestos yìí kan náà tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ sílìn ni o. Tó bá wà níbi tó wà, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí wọ́n bá họ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò mọ̀ bóyá tiwa ní in, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan tí kò bo imú máa gbẹ́ ẹ kiri ní pálọ̀ tí màmá ń sùn sí lọ́sàn-án. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa, gọ́ọ̀mù táìsì tí wọ́n ṣe fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè dì í mú. Ó wọ́n ju símẹ́ńtì lásán lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo lórí fóònù nígbà tí mo sọ iye rẹ̀.

Màmá tó ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí ní, “Ṣé ẹ ti bi èmi tí mò ń rìn níbẹ̀?”

Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Táìsì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa gbé pálọ̀ ga ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Ìlẹ̀kùn ò ṣòro, káfíńtà á rẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ ńkọ́? A ní láti fi símẹ́ńtì dà á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé ni oní-táìsì ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Màmá ti ní kó má gbé èyí tó ń dán bíi dígí dé iwájú àwọn.