Láti Ìlaròó Dé Ayétòrò: Ta Ni Yóò Tú Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ká?

Ilẹ̀ Yewa ni a fẹ́ mú yín lọ lọ́tẹ̀ yìí, ní ẹ̀bá ibodè Nàìjíríà àti Benin, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ẹ̀gbádò kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1995. Ìrìn àjò yìí kì í ṣe ti ìgbafẹ́ nìkan. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí gó-sílò ti sọ di apẹ́lẹ́yìn rí, pàápàá fún àwa tí a ń wa ọkọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run.

Ìdè tó wà ní Sango

Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ yóò kọ́kọ́ dé Sango-Ọ̀tà. Láti ibẹ̀, ó lè yà sí ọ̀nà Ìdíìrókò, kí ó gba Àtàn dé Òwodé kí ó tó já sí Ìlaròó. Ó sì lè gba Ìfọ̀ lọ sí Papaláńtò kí ó tó yà. Èyí tó wù kí ó gbà, Sango ni wàhálà wà. Ojú títì kan náà ni ọkọ̀ Abẹ́òkúta, ọkọ̀ Ìdíìrókò, tírélà ilé-iṣẹ́, danfó tó ń wá èrò àti àwọn tó ń pàtẹ ọjà jọ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ti kọ́lé sí apá Ọ̀tà. Àárọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń jáde, ìrọ̀lẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń padà.

Bí a bá ti kúrò níbẹ̀, ara á tu ni díẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ni à ń rí lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n Ìlaròó fúnra rẹ̀ ń dàgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1979, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀ṣè tó wà nítòsí ní 2012. Ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù ti kún ojú ọ̀nà. Ṣayédẹ̀rọ̀ ni orúkọ ọjà kan ní ìlú náà. Ẹ jẹ́ kí á béèrè: báwo ni ayé yóò ṣe dẹ̀rọ̀ fún ẹni tó ń rìn lójú títì?

Ọgbọ́n àwọn baba wa

Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ṣètò ọjà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ìyẹn ni pé bí a bá ná an lónìí, ó di ọjọ́ karùn-ún, bí a bá ka òní mọ́ ọn. Àwọn ìlú tó sún mọ́ ara wọn kì í fẹ́ ná ọjà wọn ní ọjọ́ kan náà. Bí tibí bá tú, tọ̀hún á kò. Nípa bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé kì í ya lọ sí ojú kan lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀nà kan kò sì wọ Ìlaròó nígbà kan rí. Ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ ìlú yìí rí! Irin kan yà láti Ìfọ̀, ó gba Ìlaròó kọjá lọ sí Ìdógò, ó ń kó èrò, ó ń kó ẹrù. Èrò tí ọkọ̀ ojú irin kan lè kó lẹ́ẹ̀kan, mélòó ni danfó tí yóò kó wọn tán?

Èkó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìnira. Ní nǹkan bí 1977, ìjọba ológun pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì yóò jáde ní ọjọ́ kan, èyí tí kò ṣeé pín yóò jáde ní ọjọ́ kejì. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì! Ohun tó mú ìtura wá lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ̀: bọ́ọ̀sì BRT ní 2008, ọkọ̀ ojú irin Mile 2 sí Marina ní 2023, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbado sí Ọ̀yìngbò ní 2024. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú ní 2003, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì. Kò dára kí á lé ènìyàn kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìfún un ní òmíràn.

Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, ní ibùdókọ̀ ní Papaláńtò. Ìlaròó kò jìnnà síbẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá lè ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò máa pàdé ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tó yẹ, ìrọ̀rùn ńlá ni yóò jẹ́ fún àwọn ará Yewa.

Ìmọ̀ràn Jẹ́tírò

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á di gbogbo ẹrù lé ìjọba lórí. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 18. Àwọn ènìyàn dúró yí Mósè ká láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, nítorí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìyẹn! Jẹ́tírò àna rẹ̀ kò sọ pé kí ó fẹ àgọ́ rẹ̀ sí i. Ó ní kí ó pín iṣẹ́ náà, kí àwọn ènìyàn lè padà sí ipò wọn ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin ará, ṣé àwa ìjọ náà kì í ṣe ara àwọn tó ń dí ọ̀nà? Ní ọjọ́ ìsinmi, a ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì ní ìlà méjì, a ó wọlé lọ yin Olúwa. Bí aboyún tó ń rọbí bá há sẹ́yìn ọkọ̀ wa, tí kò lè dé ilé ìwòsàn, irú ẹ̀rí wo ni a ń jẹ́ fún Kristi? Olúwa ti sọ nínú Mátíù orí 7 pé ohun tí a bá fẹ́ kí ènìyàn ṣe sí wa ni kí àwa náà ṣe sí wọn. Nítorí náà:

1. Kí ìjọ wá ilẹ̀ fún ìgbọ́kọ̀sí kí ó tó fẹ ilé ìsìn sí i.
2. Bí ìsìn bá jẹ́ méjì, kí àyè wà láàrin wọn, kí àwọn tó ń jáde má baà kọlu àwọn tó ń wọlé.
3. Kí ẹni tó ní ọkọ̀ máa gbé ará tó wà ládùúgbò rẹ̀. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kò bójú mu.
4. Kí ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ máa wáyé nínú ilé, ní tòsí ibi tí ènìyàn ń gbé.
5. Bí ètò ńlá bá ń bọ̀, kí a tètè sọ fún TRACE àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú

Láti Ìlaròó, ọ̀nà gba Ìbẹ̀ṣè àti Jọ̀gá lọ sí Ayétòrò. Ìlú ẹ̀kọ́ ni Ayétòrò náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive High School ti wà níbẹ̀ láti 1963, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àyè ṣì wà níbẹ̀ ju ti Sango lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ké sí ẹ̀yin ará wa ní Yewa nísinsin yìí: ẹ má ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí orí ilẹ̀ tí títì yóò gbà lọ́la. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gáréèjì bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ohun tí Sango kò rí ṣe nígbà tó ṣì kéré ni ó ń sunkún lé lórí báyìí.

Kí Olúwa fún àwọn aláṣẹ wa ní ọgbọ́n Jẹ́tírò, kí ó sì fún àwa náà ní ọkàn tó ń ro ti ọmọnìkejì. Kí ayé dẹ̀rọ̀ ní Ìlaròó, kí ayé sì tòrò ní Ayétòrò, ní orúkọ Jésù. Àmín.