Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jò Lójú Oorun

Nígbà tí ooru oṣù Kẹrin bá dé sí Niamey, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò Zongo kì í fẹ́ sùn nínú yàrá mọ́. Wọn a tẹ́ ẹní sí àgbàlá, àwọn mìíràn a gbé bẹ́ẹ̀dì síta. Ẹni tó bá ń hanrun níbẹ̀ kò ní ibi tó máa sá pamọ́ sí. Gbogbo agboolé ló ń gbọ́ ọ, àti Haúsá, àti Zarma, àti Yorùbá tí òwò gbé débẹ̀. Wọ́n á ní ó ti rẹ Alájì ni, wàhálà ọjà pọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà fetí sí ni ìgbà tí ariwo yẹn bá dákẹ́ lójijì, tí èémí kò wọlé tí kò jáde, tí ọkùnrin náà wá ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àìsàn náà. Bí oorun bá wọra, iṣan ọ̀nà ọ̀fun máa ń dẹ̀, ọ̀nà èémí a sì dí. Bí èémí bá dúró, tàbí tó dín kù gidigidi, fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, àwọn dókítà á kà á sí ìgbà kan. Ẹni tó bá ní i nígbà 5 láàárín wákàtí kan ti wọ inú àìsàn. Ẹni tó bá dé 30, tirẹ̀ ti le gan-an. Ìwádìí kan tí The Lancet Respiratory Medicine tẹ̀ jáde ní 2019 fojú bù ú pé mílíọ̀nù 936 àgbàlagbà ẹni ọdún 30 sí 69 ló ní i káàkiri ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá a rìn, oorun ọ̀sán náà sì ń bá a rìn. Ẹ ronú nípa awakọ̀ tó fẹ́ wa ọkọ̀ láti Niamey gba Dosso dé Gaya lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ CPAP máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá àti ìbòmú wọ imú, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà pa dé. Kì í mí fún ènìyàn. Ó kàn ń mú kí ọ̀nà náà wà ní ṣíṣí ni. Sẹ̀ǹtímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀, láti 4 dé 20 nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé.

Dókítà Colin Sullivan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, ní 1980. Ní 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn aláìsàn márùn-ún àkọ́kọ́ nínú The Lancet. Mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku ilé ni wọ́n kọ́kọ́ lò láti fẹ́ afẹ́fẹ́. Ìbòmú ló fún wọn níṣẹ́ ṣe: wọ́n ní láti fi rọ́bà sílíkónì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aláìsàn kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ kọ́ ló ṣòro. Ibi tí ìbòmú ti pàdé awọ ara ni wàhálà wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ènìyàn kìlọ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé, bí oorun kò bá dára, agbára afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ ń lọ bá. Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà kò lágbára tó, kí wọ́n fi kún un. Bí ìbòmú bá ń jò, àfikún yẹn a tún ṣí etí rẹ̀ kúrò lójú sí i. Ẹ̀rọ tó ń yí agbára rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ lè kó sí pańpẹ́ kan náà: kò rí èémí aláìsàn kà dáadáa mọ́ nítorí afẹ́fẹ́ tó ń sá, agbára rẹ̀ ń gun òkè, jíjò náà sì ń pọ̀. Ní òwúrọ̀, ojú aláìsàn á pọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i lójú mọ́jú, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, á sì sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó kò bá ara òun mu.

Gbogbo ìbòmú ló ní ihò kékeré tí èémí tí a mí síta ń gbà jáde. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dí i. Èyí tó ń jò yàtọ̀ sí ìyẹn ni ìṣòro. Lórí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ResMed ṣe, lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan ni ààlà tí a kò fẹ́ kó kọjá. Ẹ̀rọ Philips máa ń ka afẹ́fẹ́ ihò yẹn mọ́ ọn, nítorí náà nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń ga jù. Ẹni méjì tí ẹ̀rọ wọn yàtọ̀ kò lè jókòó fi nọ́ńbà wọn wéra.

Orí ìdùbúlẹ̀ ni a ti ń dán ìbòmú wò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó jókòó kò rí bí ti ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kí aláìsàn fa ìbòmú síwájú díẹ̀, kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wú rọ́bà rẹ̀, kí ó wá rọra dá a padà. Okùn tí a fún pinpin máa ń ká rọ́bà náà kò, á sì bó awọ orí imú. Òrí tí ènìyàn fi para lásìkò ọyẹ́ dára fún ara, ṣùgbọ́n ó ń mú ìbòmú yọ̀, ó sì ń ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́. Kí a fi ọṣẹ fọ ojú kí a tó sùn, kí a fọ rọ́bà náà lówùúrọ̀. Irùngbọ̀n tó kún a máa fa jíjò lábẹ́ ìbòmú tó bo imú àti ẹnu. Èyí tó kàn wọ ihò imú lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu jù. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ní láti tún okùn wọ̀n, torí orí rẹ̀ kò rí bíi ti àná.

Ẹnu pẹ̀lú ń jò. Ní 1996, Glenn Richards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Sullivan wà lára wọn, fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá ń gba imú wọlé tó sì ń gba ẹnu jáde, imú á máa dí sí i, àti pé afẹ́fẹ́ tí a mú gbóná tí a sì fi omi sí lè dín ìyẹn kù. Ọyẹ́ Niamey ti mú imú gbẹ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Nítorí náà ike omi inú ẹ̀rọ wúlò gan-an níbẹ̀. Asẹ́ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Nínú eruku bẹ́ẹ̀, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kí a má dúró de ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rọ dá.

Lẹ́yìn tí jíjò bá ti lọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára afẹ́fẹ́ tó kàn. Bí ìgbà tí èémí ń dúró bá ṣì ju 5 lọ ní wákàtí, tí ìhanrun kò sì lọ, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kéré. Bí inú bá kún fún afẹ́fẹ́ lówùúrọ̀, ó lè pọ̀ jù. Nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù máa ń mú kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ dá èémí dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun wà ní ṣíṣí. Iṣẹ́ dókítà ni láti yí agbára náà padà, kì í ṣe ti ọmọ àbúrò tó mọ fóònù tẹ̀.

Iná ńkọ́? Lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, Nàìjíríà gé iná tó ń fi ránṣẹ́ sí Niger, bẹ́ẹ̀ láti ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná orílẹ̀-èdè náà ti ń wá nígbà náà. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì di ike lásán ní irú òru bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní bátìrì lè pa ooru ike omi, torí òun ló ń jẹ iná jù. Kí ó sì yẹ ẹ̀rọ wò kó tó so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀: ẹ̀rọ AirSense 10 ti ResMed, fún àpẹẹrẹ, fólítì 24 ló ń lò, 12 kò tó o. Ìwé rẹ̀ tún sọ pé kí yàrá má gbóná ju 35°C lọ, ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti pa mọ́ ní Zongo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, Philips pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè rún. Kí a yẹ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wò kí owó tó jáde lápò, kí a sì mọ̀ pé agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsùbáà. Alájì á jí, á bọ́ ìbòmú, á kírun, á tún dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí ọjà tó ṣí, láìgbé e wọ̀ mọ́. Nínú ààwẹ̀ Rámádánì, oorun ẹ̀yìn sààrì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Apá ìkẹyìn òru ni oorun àlá pọ̀ sí jù, inú oorun àlá sì ni ọ̀nà ọ̀fun ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń dí jù. Ẹ̀rọ kò mọ èyí, torí ìgbà tí ìbòmú bá wà lójú nìkan ló ń kà. Nọ́ńbà tí dókítà máa rí á dára. Alájì, tàbí ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ ìhanrun yẹn, ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé oorun kan wà lẹ́yìn àsùbáà.