Kíláàsì Wo Ni Ọmọ Yóò Wọ̀ ní Girama Àgbà?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé fún sáà tuntun, ọ̀rọ̀ kan a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Emùré. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama kékeré, kíláàsì wo ni yóò wọ̀? Sáyẹ́ǹsì ni, áàtì ni, àbí kọmáṣà? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí wọn kò tíì máa bi léèrè irú bàtà tó wù ú ni wọ́n ń retí pé kó yan ọ̀nà tí yóò gbé e dé yunifásítì.

Ìpínyà náà kò ti ọ̀run wá. Ọdún 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, òun ló pín girama sí kékeré ọdún mẹ́ta àti àgbà ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n yíya ọmọ sọ́tọ̀ ti wà ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, bí ọmọ bá jáde ìwé mẹ́fà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rí girama wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tún tẹ̀síwájú, ilé-ìwé Modern ni wọ́n ń lọ. Àwọn àgbà tó lọ Modern kò gbàgbé ojú tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń wò wọ́n.

Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ fi ń wo ọmọ áàtì lónìí. Èrò wọn ni pé ọlọ́pọlọ ní ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹni tó fẹ́ ṣòwò ní ń ṣe kọmáṣà, ẹni tí ẹ̀rù ìṣirò bá ń bà ní ń sá wọ áàtì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀kan nínú kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò, dandan ni fún gbogbo wọn.

Bàbá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú yìí, àgbẹ̀ olókòó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í fi ìwé ìtàn sílẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló sì kún fún àwòrán. Ṣùgbọ́n bàbá ti sọ fún àwọn ará ìjọ pé dókítà ni.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, áàtì ló wù mí.”

“Kí ni wọ́n ń fi áàtì jẹ?”

Ọmọ kò fèsì. Sáyẹ́ǹsì ló wọ̀.

Ìbéèrè bàbá náà ní ìdáhùn nítòsí. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìsẹ̀ ló ti di gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, lábẹ́ ojú Arínjalẹ̀. Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pè é kó wá gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin òun ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kó padà mọ́, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní British Museum di òní. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Chicago. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń ya àwòrán ni yóò di Ọlọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ tó tún ń béèrè ohun tí iṣẹ́ ọnà wúlò fún, ó yẹ kó wo àyíká rẹ̀ dáadáa.

A kò lè pe bàbá ní òpè síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ní bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Nọ́ọ̀sì kò lè yẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ẹnjiníà kò gbọdọ̀ má ní físíìsì. Ọmọ tó bá wọ áàtì ti ti àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn ló ń ba àwọn òbí lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣí fún ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ọmọ tí wọ́n tì wọ sáyẹ́ǹsì, tó wá ní àwọn fẹ́ kọ́ òfin nígbà tó yá, kò ní Lítíréṣọ̀ lọ́wọ́. Yóò tún WAEC ṣe.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè. Ta ni yóò kọ́ ọmọ náà? Ní ìlú ńlá, bí olùkọ́ físíìsì kò bá sí níhìn-ín, a lè gbé ọmọ lọ sọ́hùn-ún. Ní ìlú kékeré, ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀ kan ṣoṣo ni kíláàsì gbójú lé, ọjọ́ tó bá sì parí ìsìnrú ìlú rẹ̀ ni físíìsì parí. Orúkọ sáyẹ́ǹsì yóò ṣì wà lára kíláàsì náà. Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé pé ta ló kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì lọ́dún tó kọjá, ṣé wọ́n ń ṣí yàrá àyẹ̀wò, àti pé mélòó ló gba kírẹ́díìtì. Àwọn ọ̀gá mọ ìdáhùn náà. Kì í sábà sí ẹni tó ń bi wọ́n ni.

Ọmọ àgbẹ̀ olókòó yẹn rí físíìsì kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ní sáà àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá rí èsì ìdánwò nínú oṣù Kejìlá, ó lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì gbà kó pààrọ̀ kíláàsì, nítorí orúkọ kò tíì wọ ìwé WAEC, ìyẹn di ọdún kẹta. Gbogbo ìsinmi Kérésìmesì ni ọmọ fi ṣe àdàkọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ nínú Lítíréṣọ̀ àti Government. Bàbá ti ń sọ fún àwọn ará ìjọ báyìí pé lọ́yà ni.